Níbi Tí Omi Ti Ń Pínyà

Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Abiquiú ní New Mexico ni mo ti mọ̀ pé ìrìn kẹ̀kẹ́ mi yìí ti ń lọ sópin. Kì í ṣe pé òkè ti tán o. Òkè Polvadera tó wà lẹ́yìn ìlú náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fojú di: láti etí odò Chama ni ọ̀nà ti gbéra sókè, kò sì dẹwọ́ títí tó fi súnmọ́ 3,000 mítà. Máàpù ọwọ́ mi ló tú àṣírí òpin náà fún mi. Nígbà tí mo ṣì wà ní Montana, ibi tí n kò tíì dé ló kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Ní báyìí, ilẹ̀ Mẹ́síkò ti yọ ní ìsàlẹ̀ bébà, ibi tí mo ti kọjá sì pọ̀ débi pé mo ti ká a sẹ́yìn.

Great Divide ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí mò ń tọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Missoula, Adventure Cycling Association, ló wá a jáde tó sì ya máàpù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Jasper ní Kánádà, ó gba Montana, Idaho, Wyoming àti Colorado, ó sì parí sí Antelope Wells, ẹnubodè kékeré kan ní gúúsù New Mexico. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò sì ní ọ̀dà: ọ̀nà àwọn agégẹdú, ọ̀nà àwọn darandaran, ọ̀nà yangí inú igbó ìjọba. Èèyàn á di àgọ́, àpò ìsùn, sítóòfù kékeré àti oúnjẹ mọ́ ara kẹ̀kẹ́, á máa lọ. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ló máa sùn.

Ẹ̀yìn àwọn òkè Rocky ni ọ̀nà yìí ń tẹ̀lé. Òjò tó bá rọ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ẹ̀yìn náà, òkun Pàsífíìkì ló ń wá lọ. Èyí tó bọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn yóò bá odò lọ títí yóò fi já sí Àtìláńtíìkì, òkun kan náà tó ń lu etí Èkó àti Àgbádárìgì. Nǹkan bí ìgbà ọgbọ̀n ni ọ̀nà ń dá ẹ̀yìn yìí kọjá. Mo lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ lápá omi kan, kí n sì pàgọ́ alẹ́ lápá omi kejì. Ní Montana àti Colorado, níbi tí omi ti pọ̀, bí mo bá dé ibi tí wọ́n gbé pátákó sí pé ibí ni omi ti ń pínyà, mo máa ń ta díẹ̀ sílẹ̀ láti inú ìgò mi, mo sì máa ń wo ibi tó kọjú sí.

Wyoming ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé omi ní ọ̀nà kẹta. Níbẹ̀, ẹ̀yìn òkè là sí méjì, ó yí aṣálẹ̀ gbalasa kan ká, òjò tó bá sì rọ̀ sínú rẹ̀ kò lọ sí òkun kankan. Ilẹ̀ á mu ún, oòrùn á gba ìyókù. Mo rò pé ohun àrà tí kò ní èkejì ni. Àṣé bí mo bá ṣe ń súnmọ́ òpin ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i.

Lóṣù kẹfà ọdọọdún, àwọn eléré máa ń fi ọ̀nà yìí díje láti Banff. Tour Divide ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó yára jù nínú wọn kì í lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kan sáárá sí wọn, agbára ọmọ èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí à ń fi ẹ̀sọ̀ rìn pàápàá, mo rí i pé ojú ìyókù ni ọ̀pọ̀ fi ń wo New Mexico. Wọ́n á ti rí yìnyín orí òkè Montana, wọ́n á ti gun Indiana Pass ní Colorado, 3,630 mítà, èyí tó ga jù lójú ọ̀nà náà, wọ́n á wá ní ó ku ká sáré parí rẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí ọjọ́ bá wà lọ́wọ́ èèyàn, ibí ló yẹ kó ná èyí tó pọ̀ jù sí, nítorí ibí ni ilẹ̀ ti ń béèrè pé kí a la ojú sílẹ̀ gan-an.

Láti oṣù keje di àárín oṣù kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ ní apá ibí. Àárọ̀ á mọ́ kedere, ojú ọ̀run á fẹ̀ láìní ìkùukùu. Tó bá di ọ̀sán, ìkùukùu á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sórí òkè, ìdí rẹ̀ á dúdú, àrá á sán. Amọ̀ kan wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, bí omi bá ti kàn án, ó parí: á lẹ̀ mọ́ táyà bí àmàlà ṣe ń lẹ̀ mọ́ orógùn, á kún àárín táyà àti irin títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Títì rẹ̀ kò ṣeé ṣe. Gbígbé ló kù, kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù tó tún ru ẹrẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé jìnnà. Sùúrù nìkan ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí òjò ká mi mọ́ lẹ́yìn Polvadera, mo sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí ẹ̀yìn òkè nítorí mànàmáná, mo jókòó sáàárín àwọn igi kúkúrú, mo fi aṣọ òjò bo orí. Oòrùn tún yọ, síbẹ̀ mo dúró. Wákàtí méjì oòrùn ibẹ̀ tó láti sọ ẹrẹ̀ yẹn di ilẹ̀ líle. Ẹni tí kò bá dúró á fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ fi igi ha ẹrẹ̀ lára táyà. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò tíì rí ilẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tó èyí.

Mo gba ìlú Cuba àti ilẹ̀ àwọn Navajo kọjá. Ní Grants ni fóònù mi tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ mi, alẹ́ ti lẹ́ ní Ìbàdàn.

"Àṣàkẹ́, ibo lo dé?"

"Ẹ kú alẹ́, Màmá. Mo ti dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Grants. Ó ti ku díẹ̀."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Omi ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Lítà mẹ́fà ni mo gbé."

"Níbo lo ti máa rí òmíràn?"

Màmá mi kì í béèrè béárì, wọn kì í béèrè ejò. Omi ni. Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni wọ́n dàgbà sí, láàárín òkè, nígbà tí ọmọbìnrin ń sọ̀kalẹ̀ lọ pọn omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìbéèrè wọn kejì yẹn gan-an ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní New Mexico ń bi ara wọn. Bí ẹni tó ń lọ sí gúúsù bá pàdé ẹni tó ń bọ̀ láti gúúsù, kí wọ́n tó béèrè orúkọ ara wọn, wọ́n á ti sọ ibi tí omi wà: ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn géètì kejì ti bàjẹ́, má dúró níbẹ̀; èyí tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ṣì ń fa omi, ṣùgbọ́n màlúù pọ̀ níbẹ̀. Omi màlúù náà ni à ń sẹ́ tí à ń mu. Mo ti rí àgbá irin tí ewéko ti sọ omi inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé, inú mi sì dùn sí i.

Lẹ́yìn Grants, mo dé Pie Town, tó wà lórí ilẹ̀ tó ga ju 2,300 mítà lọ. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clyde Norman bẹ̀rẹ̀ sí í ta páì níbẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ìlú lára. Ní 1940, ayàwòrán Russell Lee wá ya àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹni tí ọ̀dá àti eruku lé kúrò ní Texas àti Oklahoma. Omi ló lé wọn wá, ká sọ̀rọ̀ gan-an. Lónìí, ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Toaster House, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ni wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì rẹ̀. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Mo wọlé, kò sí ẹnì kankan. Ẹni tó ṣáájú mi ti fi ìrẹsì àti ẹ̀wà inú agolo sílẹ̀. Mo sè é, mo fi owó sínú àpótí, mo sì fi àwọn bisikíìtì tí n kò nílò sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ìrìn àdánìkanrìn ni wọ́n ń pe irú èyí tí mò ń ṣe, òótọ́ sì ni, nítorí kò sí ẹni tó ń bá mi wa kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n láti Kánádà ni àwọn èèyàn tí n kò rí sójú ti ń bọ́ mi.

Ojú aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Àwọn kan máa ń wò mí bí ẹni tó ṣìnà. N kò bínú sí wọn, wọn kò mọ ìtàn ni. Ní June 14, 1897, ogún ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti 25th Infantry gbéra lórí kẹ̀kẹ́ ní Fort Missoula, ní ìlú kan náà tí wọ́n ti ya máàpù ọwọ́ mi. Aláwọ̀ funfun ni ọ̀gá tó kó wọn lọ, Lieutenant James Moss. Dókítà kan àti akọ̀ròyìn kan bá wọn rìn. Àwọn ológun fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin. Kẹ̀kẹ́ wọn kò ní gíà, irin ló pọ̀ lára rẹ̀, ìbọn àti oúnjẹ wọn sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n gun ẹ̀yìn òkè tí omi ti ń pínyà yìí gan-an nínú òjò àti yìnyín, wọ́n la ẹrẹ̀ amọ̀ bí èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní July 24 wọ́n sì wọ St. Louis lẹ́yìn nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Ológun kò tẹ̀ síwájú nínú ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi kó wọn padà sílé. Èmi tí mo ní gíà, tí mo ní àgọ́ tí kò wúwo tó kìlógíráàmù méjì, orúkọ wọn ni mo máa ń rántí bí òkè bá gùn jù.

Láti Pie Town dé Silver City fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà, kò sì sí ọjà títí èèyàn fi máa yọ sí àfonífojì Mimbres. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ San Agustin ló kọ́kọ́ wà níwájú. Adágún ńlá ni nígbà láéláé. Ó ti gbẹ, òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lónìí kò sì ń jáde lọ sí òkun kankan. Ní ìhà ìlà-oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ to àwo ńláńlá 27 sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 25. Very Large Array ni orúkọ rẹ̀, ìró rédíò láti ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń gbọ́. Wọ́n yan ibẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, àwọn òkè tó yí i ká sì ń dí ariwo ẹ̀rọ ìlú mọ́ ọn.

Lẹ́yìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni igbó Gila. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni kí òun ti rọra nínú gbogbo ọ̀nà yìí, ibẹ̀ ni màá dárúkọ. Igi páìnì ńláńlá ni, èèpo wọn pupa, òórùn wọn dùn bí oòrùn bá ti ta sí wọn. Ọ̀nà á sọ̀kalẹ̀ sí kòtò, á gòkè, á tún sọ̀kalẹ̀, kò sí èyí tó gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tán. Mo bu omi kún gbogbo ìgò mi ní Beaverhead, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba ní ẹ̀rọ omi sí, mo sì forí lé gúúsù.

Ní June 3, 1924, ìjọba ya apá kan igbó yìí sọ́tọ̀ pé kò ní sí ọ̀nà mọ́tò, kò ní sí ẹ̀rọ. Aldo Leopold, òṣìṣẹ́ àjọ igbó, ló dá a lábàá, ibẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kẹ̀kẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọ̀nà wa gba àárín méjì: igbó Gila lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí wọ́n fi orúkọ Leopold pè lọ́wọ́ òsì. Mo fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Ó yẹ kí ibì kan wà tí a kò ní fi táyà tẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Àwọn ará Mogollon kọ́ ilé sínú ihò àpáta níbẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Àwọn Apache ló ni ín lẹ́yìn wọn. Geronimo, ọ̀kan nínú wọn, fúnra rẹ̀ sọ pé agbègbè orísun odò Gila ni òun ti dàgbà. Nígbà tó juwọ́ sílẹ̀ ní September 1886, wọ́n kó òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Florida bí ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n lé onílẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣófo.

Iná pẹ̀lú ti gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní May 2022 jó ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá láàárín igi dúdú tó ṣì dúró ṣánṣán láìléwé, koríko tútù àti igi kéékèèké sì ti ń jáde nídìí wọn. Nígbà tí igi bá ti jó báyìí, òjò kì í rọra wọlẹ̀ mọ́. Orí ilẹ̀ ló ń gbà, á kó eérú àti òkúta bọ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ibi ni mo ti bọ́ sílẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dín ìrìn mi kù jù, ara mi sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń pàgọ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, mo ń jókòó ti odò tí kò jìn tó orúnkún, mo ń gbọ́ bí àwọn àgbọ̀nrín ńlá ṣe ń fọn fèrè ọ̀fun wọn nínú òkùnkùn. Ilé ń pè mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kó máa pè.

Odò Mimbres ni mo bá jáde. Odò tó rẹwà ni, ọgbà èso wà ní bèbè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò dé òkun. Inú yanrìn aṣálẹ̀ ló ń parí sí.

Ní Silver City mo pààrọ̀ ṣéènì, mo fa ẹ̀gún tó pọ̀ yọ lára táyà, mo jẹun bí ẹni tó ń kórè. A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá. Ìlú yìí mọ ohun tí omi lè ṣe: ní 1895, àgbàrá láti orí òkè tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán ya wọ àárín ìlú, ó gbé òpópónà ńlá wọn lọ, ó sì sọ ọ́ di kòtò jíjìn. Wọn kò dí i. Ọgbà ìtura ni kòtò náà lónìí, Big Ditch, ẹ̀yìn ilé àtijọ́ sì ti di iwájú ilé.

Mo gun kẹ̀kẹ́ láìlẹ́rù lọ sí Fort Bayard, tí kò jìnnà sí ìlú. Ọdún 1866 ni wọ́n dá bárékè yìí sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni William Cathay, ọmọ ogun 38th Infantry. Cathay Williams ni orúkọ rẹ̀ gan-an, obìnrin ni, a bí i sí oko ẹrú ní Missouri. Ó múra bí ọkùnrin, ó forúkọ sílẹ̀ ní St. Louis ní November 1866, ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ New Mexico pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì sìn títí dókítà fi rí i pé obìnrin ni. October 1868 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó dàgbà, tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ó béèrè owó ìfẹ̀yìntì, ìjọba sì kọ̀ fún un. Mo dúró pẹ́ nínú ọgbà bárékè náà. Ó dùn mí pé n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí n tó dé Amẹ́ríkà, kí n tó dé ibẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí ọmọbìnrin tó ń rìn nìkan ní ilẹ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n.

Láti Silver City, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ọ̀nà yangí tó lọ sí Separ tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko ní ọ̀tún, koríko ní òsì. Lẹ́bàá òpópónà I-10, ẹ̀yìn tí mo ti ń gùn láti Kánádà ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,400 mítà, bí kì í bá ṣe ti pátákó, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé omi ń pínyà níbẹ̀. Mo mu lítà omi kan gbáko ní Separ, mo ra òmíràn, mo sì sùn sí Hachita lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì òkúta àtijọ́ kan.

Ọ̀nà 81 ló kù, kìlómítà tó lé ní àádọ́rin, kò sí ilé ìtajà kankan lójú rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì ẹnubodè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Mo gbéra ní òwúrọ̀ kùtù. Òkè Big Hatchet dìde ní ọwọ́ òsì mi, gbígbẹ, òkúta lásán. Lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn òkè Animas wà lọ́nà jíjìn, òjò òru àná ṣì so mọ́ orí wọn. Àwọn òpó kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń ka máìlì wálẹ̀ sí oódo, mo sì ń kà wọ́n sókè bí mo ṣe ń kọjá.

Nígbà tí òpó ti sọ̀kalẹ̀ dé ogún ó lé díẹ̀, mo bá àgbàrá. Ọ̀nà ṣe kòtò níbẹ̀, omi pupa ń gba orí ọ̀dà kọjá, ó ń gbé ìdọ̀tí koríko lọ sínú pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ní ẹnu ọ̀nà sí òkun kankan. Kò jìn, ṣùgbọ́n eré tó ń sá kọjá ti ẹsẹ̀ èèyàn. Mọ́tò kan dúró ní òdìkejì, awakọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí mi, ó tún padà lọ síbi tó ti ń bọ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti òpó, mo gbé òkúta kan sí etí omi kí n lè mọ̀ bó bá ń fà, mo tan sítóòfù, mo sì gbé ìrẹsì kaná. Kò tíì ju aago mẹ́sàn-án lọ.